Tábìlì irin tó gba àyè mọ́tò

Oṣù kẹta ọdún yìí ni mo ta mọ́tò mi. Ẹ má wulẹ̀ bèèrè ìdí. Ẹni tó bá ń ra epo ní Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣẹ́kù fún mi nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò náà ni gáréèjì òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Òkè-Bàálẹ̀, Òṣogbo, ẹsẹ̀ bàtà 18 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀, pẹ̀lú àbàwọ́n ọ́ìlì dúdú kan láàárín ilẹ̀ tí ọṣẹ kankan kò rí nǹkan ṣe sí. Kò tíì pé ọjọ́ méjì tí mo rí ìyàwó mi tó ń fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀. Fíríìsà tí yóò fi máa ta omi tútù ló wà lọ́kàn rẹ̀. Mo yáa tètè lanu.

“Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ mi.”

“Iṣẹ́ wo? Ṣebí tíṣà ni yín.”

Tíṣà ni mí lóòótọ́. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Ṣùgbọ́n kí n tó di tíṣà, wẹ́dà ni mí. Lọ́dún 1993 tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀kejì, bàbá mi kò bá mi wí. Wọ́n kàn mú mi lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Alékùwodò, wọ́n ní kí n máa rí ibi lọ láràárọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo lò níbẹ̀. Mo ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n gbàdúrà sórí ẹ̀rọ, ọ̀gá mi sì gbé ìwé ẹ̀rí lé mi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Fọ́tò ọjọ́ náà ṣì wà ní pálọ̀ wa. Àwọn Ìbejì máa ń rò pé ìgbéyàwó ẹlòmíràn ni mo lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, kò sí tábìlì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni a ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́: géètì, irin ojú fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì onírin, ẹsẹ̀ táǹkì omi. A ó tẹ́ páìpù sílẹ̀, a ó fi òkúta tàbí èèkù pákó ki abẹ́ ibi tó bá rẹlẹ̀, a ó wá lóṣòó tì í. Iṣẹ́ ń jáde, oníbàárà ń sanwó. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ wo àwọn géètì àtijọ́ tó wà ládùúgbò yín, pàápàá àwọn onílẹ̀kùn méjì. Bí ẹ bá tì wọ́n pa, orí ọ̀kan á yọ sókè ju èkejì lọ, tàbí kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tì síwájú bí ikùn aláboyún. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ni kò tẹ́jú. Irin kò lè tọ́ ju ibi tí wọ́n ti jó o lọ.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ọdún, mo lè lóṣòó látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Báyìí tí mo ti lé ní àádọ́ta, bí mo bá lóṣòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Táyé ní láti fà mí lápá ọ̀tún, kí Kẹ́hìndé fà mí lápá òsì. Nítorí náà mo ti pinnu pé kí n tó jó ohunkóhun nínú gáréèjì yẹn, tábìlì ni n óò kọ́kọ́ ṣe: èyí tí n óò dúró tì, tí ojú rẹ̀ á tẹ́, tí mo lè fi há irin mọ́lẹ̀ kó má lè yí padà.

Irin ojú tábìlì ló kọ́kọ́ fún mi ní wàhálà. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìlú irin ni Òṣogbo. Láyé ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, nǹkan bí ọdún 1983, ilé iṣẹ́ ìrọrin ńlá mẹ́ta ni ìjọba àpapọ̀ ń gbé kalẹ̀, ọ̀kan ní Jos, ọ̀kan ní Katsina, ìkẹta nílùú wa níbí. Ọkùnrin tó bá wọ aṣọ iṣẹ́ wọn kọjá láàárín ọjà, àwọn ìyá ọmọge a máa yíjú wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀pá irin, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú kọnkéré, ni wọ́n kọ́ ọ láti máa rọ. Pẹ́ẹ̀tì, irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀, tó nípọn, kì í ti ibẹ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, yóò ra odindi, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, tàbí kó lọ máa tú àárín irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù kiri.

Irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ni apá mi ká. Lójú ọ̀nà Ìkìrun ni mo ti rí ẹnì kan tó ní àjẹkù pẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 3, ó nípọn ní mìlímítà 8. Ara rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n kò tẹ̀. Kílò ni wọ́n fi ń tà á. Ọkùnrin náà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé e sórí ìwọ̀n, ó ní kílò 84.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìṣirò kan fún yín tó ti bá mi gba owó padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Irin tó fẹ̀ ní mítà kan níhìn-ín, mítà kan lọ́hùn-ún, tó sì nípọn ní mìlímítà kan péré, kílò 7.85 ni. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ nílò láti há sórí. Mìlímítà 8 á jẹ́ kílò 62.8 fún mítà kan sí mítà kan. Pẹ́ẹ̀tì yìí jẹ́ mítà 1.22 sí 0.915, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ síra wọn, ẹ ó rí 1.116. Ẹ wá fi sọ 62.8 di púpọ̀. Àádọ́rin kílò ni, bóyá kí nǹkan díẹ̀ lé e.

Mo dúró síbẹ̀, mo fi bírò ṣe é sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, àádọ́rin ni irin yìí o.” Ó ní ìwọ̀n kì í purọ́. Mo ní kò burú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ irin náà kalẹ̀ kí a wo ìwọ̀n ní òun nìkan. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ ìwọ̀n padà bọ̀, ó dúró sórí 14. Ìwọ̀n òfìfo, kílò 14! Gbogbo wa wò ó. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀gá rẹ̀ wá bú sẹ́rìn-ín tẹ̀lé e, ó ní, “Ta ni ẹ ń ṣe gan-an?” Mo ní tíṣà ni mí. Ó ní, “Mo ti mọ̀. Tíṣà nìkan ló máa ń dá èèyàn dúró bí èyí.” Àádọ́rin kílò ni mo san. Kòròpé ló bá wa gbé e délé, mo sì rí i pé awakọ̀ náà ń wo táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ní gbogbo oríta.

Fírémù abẹ́ rẹ̀ kò gba àkókò. Páìpù onígun mẹ́rin, íǹṣì 2 sí 2, tí ara rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 3, ọ̀pá kan tó gùn ní mítà 6 tó o, ó tún ṣẹ́kù. Mo gé e kí fírémù náà lè jẹ́ íǹṣì 40 sí 30 láti ìta dé ìta, mo sì fi igi ìdábùú méjì sáàárín. Pẹ́ẹ̀tì fi íǹṣì mẹ́rin yọ síta lápá kọ̀ọ̀kan ní gígùn, mẹ́ta ní ìbú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí pẹ́ẹ̀tì àti fírémù parí síbì kan náà. Níbo ni ẹ ó ti wá fi kílám̀pù há iṣẹ́ mọ́lẹ̀?

Mo ní ìdí tí mo fi mú 40 àti 30. Ọ̀gá mi kò ka ìwé kọjá pírámárì kẹta, ṣùgbọ́n ó ní okùn kan tó so ní kókó, tí ó fi ń mọ̀ bóyá igun kan tọ́: 3 níhìn-ín, 4 lọ́hùn-ún, bí ìdábùú tó so orí wọn pọ̀ bá jẹ́ 5, igun ti dúró ṣánṣán. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ gíga tí olùkọ́ kọ orúkọ Pythagoras sójú pátákó, orí mi wú. Mo ti bá ọkùnrin yẹn ṣiṣẹ́ ní Alékùwodò fún ọdún mẹ́ta láìmọ orúkọ rẹ̀. Ìdábùú fírémù mi láti igun dé igun gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 50 lápá méjèèjì. Ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀kan fi ìdámẹ́jọ mẹ́ta íǹṣì dín ní 50, èkejì fi ìdámẹ́jọ mẹ́ta lé e. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé tákì nìkan, ìjórin bíńtín tó kàn dì í mú, ni mo tíì ta sí i, mo fi òòlù gbá igun tó gùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Páìpù omi ìgbà kan tó ti wà lẹ́yìn ilé ni, irú èyí tí wọ́n fi síńkì bò kó má baà dípẹtà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fi ẹ̀rọ fáìlì ha síńkì náà kúrò ní ojú ibi tí n óò jó. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, iná ìjọba dé, ó sì dára lọ́jọ́ náà, mo ní ẹ jẹ́ kí n yára. Èéfín funfun bò mí. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, òtútù mú mi, eyín mi ń gbá ara wọn, ẹnu mi sì ń korò bí ẹni tó ń lá kọ́bọ̀. Ìyá Ìbejì ti ń wá oògùn ibà. Mo sọ fún un pé ibà irin ni, èéfín síńkì ló ń fà á, yóò ti lọ tó bá dọ̀la. Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ irú òru bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́, mílíìkì alágolo ni wọ́n máa ń fún wa mu, wọ́n ní ó ń fọ èéfín kúrò láyà. Ó dùn, a kì í sì í kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ikùn ni mílíìkì ń lọ; ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń wọ̀. Ilẹ̀kùn gáréèjì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu àti fáànù kan lẹ́yìn yín sàn ju páálí mílíìkì kan lọ. Kí ẹ sì ha síńkì yẹn kúrò.

Mo fi bóòtù mìlímítà 16 sí ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo jó nọ́ọ̀tù mọ́ páìpù kí bóòtù lè máa yí wọlé tàbí jáde. Ilẹ̀ gáréèjì kì í tẹ́. Àwọn bíríkìlà máa ń dà á kó dagẹ̀rẹ̀ sójú ilẹ̀kùn kí omi lè ṣàn jáde. Tèmi fi íǹṣì kan gbáko rẹlẹ̀ láti ẹ̀yìn débi tí ẹsẹ̀ iwájú wà. Bóòtù ló gbà mí.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Mo dojú pẹ́ẹ̀tì délẹ̀, mo gbé fírémù lé e lẹ́yìn, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọn pọ̀. Ẹlẹ́kítíróòdù, ọ̀pá tín-ín-rín tí a fi ń jórin, géèjì 10 ni mo lò, mo gbé iná sí áḿpíà 120. Ọwọ́ mi tó ti fi ọdún púpọ̀ gbá ṣọ́ọ̀kì kiri ojú pátákó wá rántí ìṣe rẹ̀. Ìdàrọ́ ń ṣí kúrò lójú ìjórin fúnra rẹ̀, ìlà náà dọ́gba, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí n dúró? N kò dúró. Mo jó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nínú àti lóde, bí ẹni ń rán aṣọ. Àwọn Ìbejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Dádì, ó ti lọ wà jù!” Ìyẹn gan-an ló tì mí síwájú.

Nígbà tó tutù, a dá a dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbé ọ̀pá alumíníọ̀mù tó tọ́ lé e lórí. Ọ̀pá náà ń ṣe jánganjàngan. Ojú tábìlì ti wú láàárín bí ẹ̀yìn ìjàpá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Irin tó bá gbóná a máa gùn sí i. Mítà kan irin, bí ooru rẹ̀ bá fi ọgọ́rùn-ún dígíríì lé, á fi mìlímítà kan àti díẹ̀ gùn. Ojú ibi tí a ti ń jó irin ń gbóná ju 1,500 lọ, ó ń yọ́ bí omi. Bí ó bá wá ń tutù, ó ń súnkì, ó sì ń fa gbogbo ohun tó dì mú lọ́wọ́. Abẹ́ pẹ́ẹ̀tì ni mo ti jó o, nítorí náà abẹ́ ló ń súnkì. Etí tábìlì ń lọ sílẹ̀, àárín ń gòkè. Bí mo bá jó íǹṣì kan níhìn-ín, tí mo lọ jó íǹṣì kan ní igun kejì, tí mo jẹ́ kí ọwọ́ lè bà á kí n tó padà, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi ti fi èèkù páìpù gbá mi ní bàtà nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà lọ́dún 1994.

Mo fẹ́ mọ bí ìbàjẹ́ náà ṣe pọ̀ tó, n kò sì ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo tó tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò kún ilé tíṣà. Ìwé A4 ẹyọ kan nípọn tó ìdámẹ́wàá mìlímítà kan. Mo gbé ọ̀pá lé àárín tábìlì, mo ń ki ìwé bọ abẹ́ rẹ̀ létí ọ̀tún àti létí òsì títí kò fi gbà mọ́. Ìwé márùndínláàádọ́ta lápá kan, mẹ́tàlélógójì lápá kejì. Ó lé ní mìlímítà mẹ́rin. Ẹni tó bá ṣe fèrèsé lórí rẹ̀, géètì ìgbà ọ̀gá mi ló tún ń ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kan ni n kò fi wọ gáréèjì náà. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún mo rí téèpù ìwọ̀n mi lórí fíríìsà ìdáná.

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Gíláàsì dúdú tí wọ́n ń tà fún oòrùn ni wọ́n fi jórin ní gbogbo ayé wọn, kì í ṣe ìbòjú tó ní gíláàsì nọ́ḿbà 10 tàbí 11 bí èyí tí mo ń lò. Lóru, ojú gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀bù a máa ta wá bí ẹni tí wọ́n da yanrìn sí lójú, a ó sì tún lọ jórin láàárọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. N kò fi ọ̀kan pamọ́.

“Ìwọ fúnra rẹ lo jó o lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin?”

“Èmi ni, ọ̀gá.”

“Tíṣà.” Wọ́n mi orí. Wọ́n dákẹ́ pẹ́ títí, mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ. Wọ́n wá ní, “Gé e. Kí o yí i padà.”

“Kí n yí kí ni padà, ọ̀gá?”

“Irin náà. Ibi tó wà lókè, jẹ́ kó wà nísàlẹ̀. Ó ti tẹ̀, àbí? Jẹ́ kó tẹ̀ síbi tó máa wúlò fún ọ. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ.”

Mo ronú sí i lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo ń padà bọ̀, kí a tó dé Ọ̀láìyá ó ti yé mi. Bí ẹ̀yìn ìjàpá bá kọjú sílẹ̀, àárín rẹ̀ á jókòó lórí igi ìdábùú, etí rẹ̀ ni yóò wà lókè. Bí mo bá wá fi kílám̀pù fa etí náà wálẹ̀, tí mo jó o díẹ̀díẹ̀, ìsúnkì kan náà tó bà á jẹ́ ni yóò máa fà á tẹ́.

Gígé rẹ̀ gbà mí ní ọjọ́ méjì àti òkúta ìgé mẹ́sàn-án. Ohun tí mo fi wákàtí méjì jó! Bí mo ti ń gé e ni pẹ́ẹ̀tì ń ké, táà, táà, bí ẹni tó ń tú ìdè rẹ̀. Mo lọ ojú ìjórin àtijọ́ kúrò, mo yí i padà, mo fi kílám̀pù mẹ́fà há a mọ́ fírémù. Géèjì 12, tó tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí, iná 80. Íǹṣì kan, mo dúró. Igun òdìkejì, íǹṣì kan, mo dúró. Méjìlá péré ni gbogbo rẹ̀. Láàárín ọ̀kan sí èkejì mo máa ń lọ máàkì ìwé ọmọ mẹ́ta mẹ́ta. Mo gbàgbọ́ pé kò sí ọdún tí kíláàsì náà tètè rí máàkì wọn gbà bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ọ̀pá lé e. Ìwé márùn-ún. Ìdajì mìlímítà.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ iná. Wọ́n ní kí ohunkóhun tó lè jó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 35 sí ibi tí ẹ ti ń jórin. Gáréèjì mi kò gùn ju 18 lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí igun kankan tí ẹ lè sún nǹkan sí; mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́, páálí, kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde. Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ìta ni yóò wà, jìnnà sí fèrèsé. Báàkẹ́ẹ̀tì yanrìn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí mo bá sì parí, mo máa ń jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan kí n tó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀ta iná lè sá sábẹ́ nǹkan kó máa jó rúrú lábẹ́lẹ̀ títí gbogbo ilé á fi sùn.

N kò kun ojú tábìlì náà. Àwọn ará ilé ń bèèrè ìdí. Ara rẹ̀ ni mo ń so wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́, èyí tí iná ń gbà padà sínú ẹ̀rọ, ọ̀dà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Ọ́ìlì díẹ̀ ni mo fi ń pa á bí mo bá ti ṣetán, nítorí òjò Òṣogbo kì í fi irin sílẹ̀, mo sì ń nù ún kúrò kí n tó tún tan iná.

Àlájà tó ń ṣe àdìrẹ lójúlé kejì ni oníbàárà àkọ́kọ́. Ìró òòlù ló gbọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Àrọ̀yè o!”

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìkíni yẹn. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀. Àwa wẹ́dà, “ẹ kú iṣẹ́” lásán ni wọ́n máa ń sọ fún wa. Mo dìde, mo ní, “Ògún á gbè yín, mà.” Àlájà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe àmín, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fẹ́ ohun tí wọn yóò máa gbé ìkòkò àbẹ́là lé, tí sítóòfù gáàsì á wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò ń mì, àbẹ́là yíyọ́ sì ti ta sí ọmọ iṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀ rí. Mo ní kí n ṣe é ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í mì láéláé. Wọ́n kọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fẹ́, kí ìkòkò má baà dà ní igun.

Mo fi ọjọ́ kan ṣe é. Mo gbé e sórí tábìlì, mo fi ìka tẹ orí rẹ̀ ní igun kọ̀ọ̀kan. Kò mì. Mo ki ìwé ẹyọ kan sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò wọlé níbì kankan. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Òun náà tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Hẹ̀n-ẹ́n.” Láti ẹnu rẹ̀, ìyẹn tó.

Mo fúnra mi gbé e lọ sí àgbàlá Àlájà, mo gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò aró. Wọ́n fọwọ́ kàn án. Ó mì.

Wọ́n wò mí. Mo wo ilẹ̀ àgbàlá wọn: sìmẹ́ǹtì tó ti fọ́ síbí, tó gbó sọ́hùn-ún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa ilẹ̀, nípa ìdajì mìlímítà, nípa bóòtù tí mo lè fi sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Sátidé.

“Tíṣà,” ni Àlájà wí, wọ́n ti ya etí páálí indomie kan, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n ki í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kan, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ wò. “Ó ti dúró. Èló ni owó yín?”